Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pè é ní "aláìjóná"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí ìwé pélébé tá a fẹ́ ṣe fáwọn bíríkìlà àti káfíńtà wa ní Ifẹ̀ ńbí, èyí tó dá lórí òfin ilé kíkọ́, pé kí iná má baà ràn láti yàrá dé yàrá àti láti ilé dé ilé. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Iléṣà ní ká máa pe ilẹ̀kùn àti ògiri tí òfin ń béèrè ní "aláìjóná", àwọn kan sì ti gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn lè pa èèyàn.

Irin ò jóná, gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ tí ooru bá ti dé bíi 550 sí 600 dígírì Celsius, agbára irin á ti dín kù tó ìdajì, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, òpó á yẹ̀, dẹ́kìn tó gbé dání á sì tẹ̀lé e wálẹ̀. Pákó ńkọ́? Pákó ń jóná, síbẹ̀ pákó tó bá ki dáadáa, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ di èédú, èédú yẹn á wá máa bo èyí tó wà nínú, á ṣì máa gbé ẹrù fúngbà díẹ̀. Tá a bá wá kọ "aláìjóná" síbẹ̀, irin wọlé, pákó jáde, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí òfin ń bi wá nìyẹn. Ohun tó ń bi wá ni pé tí iná bá kọ lù ú, ìṣẹ́jú mélòó ló máa fi dúró kó tó jọ̀wọ́ ara ẹ̀? 30 ni, 60 ni, àbí 120? Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "ìfaradàná", torí ẹni tó ń fara da nǹkan, gbogbo wa mọ̀ pé ó níbi tó máa mọ. Kí nọ́ńbà sì máa tẹ̀ lé e nígbà gbogbo: ilẹ̀kùn ìfaradàná 30, ògiri ìfaradàná 60. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká kọ ọ́ láìsí nọ́ńbà láéláé.

Ẹnì kan tún béèrè pé kí la máa pe nǹkan mẹ́ta tí wọ́n máa ń wò tí wọ́n bá ń fi iná dán ògiri wò. Mo rí àwọn ọ̀rọ̀ gígùn gígùn tẹ́ ẹ dá, wọ́n dáa, àmọ́ èmi rò pé Yorùbá ti ní wọn ní kúkúrú: kó má wó, kó má lu, kó má gbóná. Kó má wó, ìyẹn ni pé kó ṣì gbé ẹrù tó wà lórí ẹ̀. Kó má lu, kí ahọ́n iná àti èéfín gbígbóná má rí ibi kankan yọ sódì kejì. Kó má gbóná, kí ooru tó máa fi kún ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri níbi tí iná ò sí má ju 140 dígírì lọ ní ìpíndọ́gba, torí tó bá kọjá ìyẹn, kọ́tìnnì tàbí bẹ́ẹ̀dì tó fara tì í lè gbiná fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé iná fojú kàn án. Bíríkìlà tó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé, ó sì máa yé e ìdí tí ihò tí páìpù àti wáyà gbà kọjá fi gbọ́dọ̀ di pa.

"Àhámọ́ iná" fún apá ilé tá a fi ògiri àti dẹ́kìn ìfaradàná yí ká, mo fara mọ́ ọn. Àbúrò wa tó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, mo gbọ́ yín, àmọ́ ohun tá a fẹ́ ṣe fún iná gan-an nìyẹn, pé ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kó wà kí ará ilé fi rí àyè sá jáde kí panápaná sì fi dé. "Ìpín" tí àwọn kan dá lábàá ò sọ nǹkan kan, ilẹ̀ náà ń jẹ́ ìpín, owó náà ń jẹ́ ìpín.

Ibi tó jẹ mí lọ́kàn jù ni òkè àjà. Ẹ wo àwọn ilé ojúlé-kojú-ọ̀ọ́kán (face-me-I-face-you) tó pọ̀ ní Ìlódè àti Mọ̀ọ̀rẹ̀, àti lọ́dọ̀ yín ní Iléṣà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ògiri yàrá ibi àjà ló parí sí, òkè ibẹ̀ wá ṣófo láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn, kìkì pákó àti pàànù. Yàrá mẹ́wàá lè ní ilẹ̀kùn tó dáa jù láyé, tí iná bá ti jẹ síìlìn yàrá kan lu, ó ti wà lórí gbogbo wọn. Láyé àtijọ́ àwọn baba wa máa ń fi amọ̀ ṣe àjà sábẹ́ òrùlé koríko, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe o, àwa la wá fi PVC rọ́pò ẹ̀. Òfin ní kí ògiri tó pààlà àhámọ́ gùn dé abẹ́ òrùlé, a sì nílò orúkọ fún un. Mo dá "ògiri àkànrùlé" lábàá.

Ẹ má sì jẹ̀ẹ́ ká fi mọ sí inú ilé nìkan. Ilé Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù, oṣù kẹfà ọdún 2017, inú kíṣìnì fúláàtì kan ni iná ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó gba fèrèsé jáde, ó mú ohun tí wọ́n fi bo ara ilé níta, tí ọ̀rá wà láàárín ẹ̀, ó gbabẹ̀ gun ilé alájà 24 náà dé òkè, èèyàn 72 ló kú. Torí náà "ìràn iná" ni mo fẹ́ ká máa pe bí iná ṣe ń ti ibì kan dé ibòmíì, kì í ṣe "ìtànkálẹ̀" tí rédíò ń lò. Iná máa ń ràn mọ́ nǹkan ni, ọ̀rọ̀ yẹn á jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ bi ara ẹ̀ pé kí ló wà nítòsí tó lè ràn mọ́.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn káfíńtà àgbà lọ́dọ̀ yín ń pe àlàfo tó wà láàárín síìlìn àti pàànù? Tó bá ní orúkọ tó dáa ju "òkè àjà" lọ, ìyẹn ni ká kọ sínú ìwé náà.