Mo ti dáwọ́ abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta dúró, oyún ò tíì dé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Akúrẹ́ ni mo wà, lápá Ọba-Ilé. Ẹni ọdún 31 ni mí, mo ti bí ọmọ kan. Lẹ́yìn tí mo bí i ni mo lọ ń gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tí kì í jẹ́ kéèyàn lóyún, Depo, kí n lè ráyè kọ́ iṣẹ́ aránṣọ tán. Ìgbà Àjíǹde ni mo gba èyí tó kẹ́yìn, torí èmi àti ọkọ mi ti ń fẹ́ ọmọ kejì. Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí, kò sóyún. Nǹkan oṣù mi gan-an ò tò: nígbà míì á kàn kán díẹ̀ sí pátá, nígbà míì mi ò ní rí i rárá. Inú mi á dùn, màá sáré yẹ ìtọ̀ wò, ìlà kan ṣoṣo náà ni màá rí.

Ìyá ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ yẹn ti gbẹ ilé ọmọ mi. Lẹ́kùlẹ́jà kan l'Ọ́jà Ọba ní kí n wá gba àgbo tó máa fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Mi ò rí oorun sùn mọ́.

Ìyá Ìbejì, Oǹdó: Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Èmi náà gba Depo rí, ó lé lọ́dún kan kí n tó lóyún. Ìgbà tó máa dé, méjì ló dé! Àbúrò mi lo èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá ní tiẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n yọ ọ́ tó fi lóyún. Wàá fọwọ́ sósùn láṣẹ Ọlọ́run.

Màmá Ìsìkàn: Kí ló burú nínú àgbo? Àgbo la mu tá a fi bí gbogbo yín.

Nọ́ọ̀sì, Ìjàpọ̀: Màmá, ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ìyẹn. Ilé ọmọ rẹ̀ ò dọ̀tí, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fọ̀ níbẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ò sì tò, tó bá lóyún lónìí, kò ní tètè mọ̀. Tó bá wá lọ mu àgbo lé e lórí ńkọ́?

Àbúrò mi, Depo máa ń dá ẹyin dúró kó má jáde. Inú iṣan ni wọ́n ń gún un sí, díẹ̀díẹ̀ ló ń ti ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Lóòótọ́ oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń kà fún un, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tán lára. Nǹkan bí oṣù 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni ìdajì àwọn tó ń wá ọmọ máa ń ti lóyún, àwọn míì á dé oṣù 18. Tìrẹ ṣì ń lọ sí oṣù 8 tàbí 9. Kì í sọ obìnrin di àgàn. Sọ èyí fún ìyá ọkọ rẹ, tàbí kí ẹ jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn.

Bẹ̀rẹ̀ sí í lo folic acid, máíkírógírámù 400 lójúmọ́, nítorí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Má lọ ra Clomid, oògùn tó ń mú kí ẹyin jáde, ní kẹ́míìsì láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, tàbí inú ń run ọ́ nísàlẹ̀, má dúró rárá, lọ rí dókítà.

Bàbá Ọlọ́kadà: Ẹ̀gbọ́n mi Nọ́ọ̀sì, ẹ ò dárúkọ ọkọ. Ìyàwó mi ni gbogbo ilé wa ń fojú sùn, àfìgbà tí mo yẹ àtọ̀ wò, ọ̀dọ̀ mi ni ìdádúró ti wá. Wọ́n tọ́jú mi. Kí ọkọ ẹ náà lọ.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún ọkọ mi, ó ní òun máa lọ. Nọ́ọ̀sì, nígbà tí nǹkan oṣù ò tò, báwo ni mo ṣe máa mọ ọjọ́ tó dára?

Nọ́ọ̀sì, Ìjàpọ̀: Má wulẹ̀ ka ọjọ́. Tí o bá rí omi ojú ara tó ń yọ̀, tó ń fà bíi funfun ẹyin tútù, àsìkò nìyẹn. Tí o kò bá sì rí i, kí ẹ máa bára yín sùn ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta síra.