Ẹ̀jẹ̀ mi kò tó: ẹ sọ ohun tí ojú ẹ̀yin náà rí

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú yóò mọ̀ pé orí ìdúró la ti ń ṣiṣẹ́. Ìdúró yẹn ló kọ́kọ́ tú mi fó. Òòyì á kọ́ mi, màá di tábìlì mú. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn kékeré, àyà mi á máa lù kìkìkì. Inú ìpéǹpéjú mi funfun. Ohun tó ya ọkọ mi lẹ́nu jù ni áìsì bílọ́ọ̀kù. Mo máa ń rún un láàárọ̀ kùtù, n kò tíì fọ ẹnu. Bí píọ́ọ̀ wọ́tà inú fìríìsà kò bá tíì dì, inú á bí mi sí gbogbo ilé.

Àǹtí mi àgbà ní Agége ní ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Òótọ́ ló sọ. Oògùn tó kà sílẹ̀ ni mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Èkó yìí? Ẹni tó bá bímọ, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Àwọn kan tilẹ̀ ń po tìmátì alágolo mọ́ mílíìkì, nítorí pé ó pupa. Mo mu ún títí aṣọ mi fi fún mi mọ́ra, òòyì ò lọ.

Nígbà tí mo dé láàbù, PCV mi, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 22. Obìnrin tí ara rẹ̀ dá máa ń wà ní nǹkan bí 36 sókè. Dókítà wo ìwé náà, kò sọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá. Ó ní, "Báwo ni nǹkan oṣù yín ṣe ń wá?" Mo ní ó ń wá dáadáa. Ó ní páàdì mélòó lójúmọ́, ṣé ó máa ń dì gbàǹgbà-gbàǹgbà. Mo sọ fún un. Ní ilé tiwa, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obìnrin ṣe ń ṣe é, ìyá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó pè é ní àìsàn. Ó kọ síkáànù fún mi. Fáíbírọ́ìdì ni, kókó inú ilé ọmọ tó ń jẹ́ kí nǹkan oṣù pọ̀.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí síbí nìyí: kò sẹ́ni tí kò ní ohun tí ó ń mu fún ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni kan ò bi mí pé ibo ni ẹ̀jẹ̀ tèmi ń gbà lọ. Kẹ́ẹ̀gì tó ń jò, ẹ̀ ń rọ omi sí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ lò, kí lẹ rí?

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú ewu o, àǹtí. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n lọ ṣe síkáànù, fáíbírọ́ìdì máa ń rìn nínú ìdílé.

Áìsì bílọ́ọ̀kù yẹn, à ń rí i púpọ̀ ní klínìkì aláboyún. Ẹlòmíì, ìrẹsì tí wọn ò sè ló ń rún. Ẹlòmíì, ẹfun tí àwọn Ìgbò ń pè ní nzu. Bí áyọ́ọ̀nù, èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kò bá tó nínú ara, irú ìyánhànhàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wá. Ẹfun ló burú jù nínú wọn, torí pé kì í jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù wọ ara, wọ́n sì ń bá òjé nínú rẹ̀, èyí tí kò dára fún ọmọ inú.

Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ń fúnni lókun, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù inú mílíìkì kò tó nǹkan, kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ sì ń dínà fún áyọ́ọ̀nù inú oúnjẹ yòókù. Tíì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún le jù ú lọ. Ẹ má fi tíì gbe oògùn ẹ̀jẹ̀ mì, ẹ jọ̀ọ́. Omi ọsàn ni kí ẹ fi gbé e mì. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà, kó fi ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tẹ̀lé e, torí fítámínì C ló ń bá áyọ́ọ̀nù ṣílẹ̀kùn. Ti inú ẹran, ẹja àti ìṣáwùrú tètè ń wọ ara ju ti ẹ̀fọ́ lọ. Ẹ̀dọ̀ náà dára, àmọ́ kí aláboyún má jẹ ẹ́ lájẹjù, fítámínì A pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù, ìgbẹ́ yín á dúdú. Ẹ má fòyà. Ẹni tí kò lò ó tí ìgbẹ́ rẹ̀ wá dúdú, tó ń lẹ̀, tó ń rùn gidigidi, kó má dúró dọ̀la kó tó lọ sílé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ pé inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń da oògùn ìrora sẹ́nu lójoojúmọ́ ni mò ń bá wí.

Ìyá Eléwé, Ojúwoyè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Múṣin ni mo ti ń ta ewé, ní ọjà Ojúwoyè. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ òun kò tó, poroporo ọkà bàbà la máa ń gbé fún un. Bí ẹ bá sè é, omi rẹ̀ á pọ́n fòò. Òun náà ni àwọn Haúsá ń sè mọ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà tó fi ń pọ́n. Mo mu ún lọ́mọdé, mo fún àwọn ọmọ mi mu. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tàn yín: omi tó pọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Sóbò náà pọ́n. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà mi á máa wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ tajà.

Ewé ugwu tí ẹ̀ ń fún ní tútù mu, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn oko ẹ̀fọ́ kan ní Èkó níbí, omi kánáà ni wọ́n ń bu rin ín. Ẹ lè tibẹ̀ kó táífọ́ọ̀dù. Ẹ rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀ ẹja, kó kàn rọ̀ báyìí, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Obìnrin tó bá padà wá ra poroporo lemọ́lemọ́, mo máa ń bi í ní ohun tí Atẹ̀wé ní wọn ò bi òun yẹn. Bí kò bá dáhùn, n kì í tà á fún un mọ́. Àwọn tá a jọ pàtẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń lé owó. Kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Bàbá Dánfó

Tèmi, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, ẹ má rẹ́rìn-ín. Jẹ̀díjẹ̀dí. Ojúẹlẹ́gba sí CMS ni mo ń ná, láti ìdájí dalẹ́, orí ìjókòó kan náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí mo bá yàgbẹ́. Gbogbo garéèjì ní ohun dídùn ló fà á, ẹnì kan ò mẹ́nu ba ìjókòó. Ìyá alágbo tó wà nídìí páàkì ń bá mi fi ògógóró rẹ ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ìrora á rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò dá.

Ọmọ mi obìnrin ló wọ́ mi lọ sí ilé ìwòsàn. PCV tèmi náà ti wálẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ ló ń rẹ̀ mí. Dókítà ní kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìdí mi. Mo kọ̀. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Jẹjẹrẹ náà máa ń yọjú bẹ́ẹ̀, ẹ sì ti kọjá ọmọ ogójì ọdún." Mo gbà. A dúpẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Ó ní ìgbẹ́ líle, ká máa fi agbára yà á, àti ìjókòó pípẹ́ ló ń dá a sílẹ̀. Mò ń mu omi báyìí, mò ń jẹ ẹ̀wà àti ìbẹ́pẹ. Bí mo bá dé CMS, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ rìn.

N kò sọ pé àgbo ò dáa o. Ewé àsúnwọ̀n, ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ lóòótọ́, bí ẹ bá sì mu ún jù, inú á lọ́ yín. Ògógóró yẹn ni mo yọ kúrò.

Ìyá Tòbí, Ìdí-Àràbà

Ọmọ mi, SS ni, ìyẹn àìsàn sickle cell. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó da oògùn ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu, ẹ mọ jínótáìpù rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa tiwa ń lo bí 120 ọjọ́, ti ọmọ SS kì í sábà ju 10 sí 20 lọ. Ó ń bàjẹ́ sínú ara ni, kò dà síta, áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì wà nílé. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára léraléra, áyọ́ọ̀nù náà lè pọ̀ débi tí yóò fi ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́. Folic acid ló ń lò lójoojúmọ́. Bí wọn ò bá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n rí i pé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré, n kò ní í fún un. Iwájú LUTH níbí ni ilé àwọn Sickle Cell Foundation wà, ẹ lè lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìyá Eléwé, poroporo yín wà nínú ìtàn yìí o. Àwọn NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Àbújá, ṣe oògùn kan fún àwọn SS, Nicosan, tó jáde ní 2006. Iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Orin àta náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sofowora, onímọ̀ ewé àti oògùn ní Ifẹ̀, ti gbé e lọ sí ìdí ìwádìí nítorí àwọn SS láti ọdún 1971. Nítorí náà, n kì í bá ẹni tó bá ń pe ewé ní ìranù sọ̀rọ̀ pẹ́.

Ọmọ Ẹ̀búté Mẹ́ta

Gbogbo láàbù yìí! Ṣé àwọn bàbá ńlá wa ṣe PCV ni? Wọ́n mu àgbo, wọ́n dàgbà.

Ìyá Eléwé, Ojúwoyè

Bàbá ńlá yín mọ ẹni tó já ewé náà, ó sì mọ igi tó ti já a. Ìwọ, ọmọ mi, ǹjẹ́ o mọ ẹni tó rẹ èyí tí ò ń rà nínú ike lábẹ́ bíríìjì?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ìyá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Wọ́n ti fún mi ní oògùn tó ń dín nǹkan oṣù kù, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù. PCV ti di 31. Wọ́n ní bó bá tilẹ̀ pé, kí n ṣì máa lo áyọ́ọ̀nù fún oṣù mẹ́ta sí i, kí ara lè fi díẹ̀ pamọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ṣì ń bọ̀, a ò tíì pinnu. Mò ń bọ̀ wá ra poroporo lọ́wọ́ yín, mo ti sọ fún dókítà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kọ́fí ńkọ́? Òun ni mo fi ń lajú nídìí ẹ̀rọ.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀ Èkó

Kọ́fí àti tíì, ọ̀kan náà ni. Ẹ máa mu ún, àmọ́ kí ó fi wákàtí kan sí méjì jìnnà sí oúnjẹ àti oògùn yín.