Wọ́n ní kí n yọ ìyá àgbà kúrò nínú ìtàn mi

Àṣàkẹ́: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àárọ̀ o. Àná ni mo parí orí kọkànlá ìwé ìtàn mi, ọdún kẹta rèé, inú fóònù ni mo ti ń kọ ọ́, nínú dánfó, nídìí ẹ̀rọ ìlọta, níbi tí mo bá ṣáà ti ráyè. Àwa mẹ́rin la wà nínú gúrúùpù WhatsApp tá a máa ń ka iṣẹ́ ara wa lálẹ́ Sọ́ńdè, ká ní kì í ṣe tiwọn ni, mi ò bá ti pa á tì nígbà tí màmá mi kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Ìbéèrè mi ni pé ọ̀kan nínú wọn ní kí n yọ ìyá àgbà inú ìtàn náà, pé ó ń sọ̀rọ̀ jù. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn o! Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì: Má yọ ọ́ o, àbúrò. Dín ọ̀rọ̀ ẹ̀ kù ni. Tèmi, ojú ewé mẹ́fà ni mo sọ di méjì, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Ẹ kà á sókè, ibi tí ẹnu bá ti rẹ̀ yín, ẹ gé e níbẹ̀. Ẹ má sì dààmú pé ó ń pẹ́, ìtàn Ṣẹ̀gilọlá inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó lọ́dún 1929 ṣebí díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, bíi lẹ́tà.

Àṣàkẹ́: Ẹ ṣé o. Mo ti gé e, ó ku ibi tó ti ń ka owó tó so mọ́ etí ìró. Ìyẹn ò kúrò níbẹ̀ láéláé 😂