"Fi sílẹ̀" kọ́ ni "kọ̀ sílẹ̀": ọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ agbépo San Demetrio

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ẹni tó ń túmọ̀ ìtàn ogun orí òkun da ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún wa. Kí ni ká máa pe ọkọ̀ òkun tó ń kó epo? Kí ni ká sọ nígbà tí àwọn atukọ̀ bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń jóná? Báwo la ó sì ṣe sọ ọ́ tí ogun bá gbé ọkọ̀ lọ, ṣé "sọnù" ni àbí "rì"? Ẹnìkan ti dábàá "ọkọ̀ àgbá epo". Ẹlòmíràn ní ká kúkú pè é ní tánkà. Ẹnì kẹta ní "fi sílẹ̀", "pa tì" àti "kọ̀ sílẹ̀", ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, èyí tó bá wu oníkálukú ni kó mú. Ti ẹnì kẹta yìí ni mi ò gbà rárá. Ọkọ̀ kan wà tí ìtàn rẹ̀ lè bá wa dá ẹjọ́ náà, San Demetrio lorúkọ rẹ̀.

Iléeṣẹ́ Blythswood ní Glasgow ló kàn án ní 1938 fún iléeṣẹ́ Eagle Oil ti London. Ìwọ̀n àyè inú rẹ̀ (kì í ṣe ti ẹrù) lé ní 8,000 tọ́ọ̀nù, epo gbígbé sì ni iṣẹ́ tí wọ́n kàn án fún. Kò sí àgbá kankan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ikùn ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń da epo sí. Wọ́n á fi ògiri irin là á sí yàrá-yàrá, kí epo má baà máa ya síhìn-ín ya sọ́hùn-ún nígbà tí ìgbì bá dé, kí ó sì lè jẹ́ pé bí yàrá kan bá lu, ẹrù tó wà nínú àwọn yòókù á ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, "ọkọ̀ àgbá" kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Èyí tó tún burú jù ni pé àgbá ni ìbọn ńlá ogun náà ń jẹ́ lẹ́nu wa. Ẹni tó bá ka "ọkọ̀ àgbá" nínú ìtàn ogun, ọkọ̀ ogun ló máa rò. Tánkà ní tirẹ̀ ti di ti ojú títì. Ẹ wí fún ará Ìbàdàn pé tánkà kan rì, afárá ló máa bi yín pé ó já sí. Ẹ jẹ́ ká mú "ọkọ̀ òkun agbépo". Ẹni tó ní epo pupa nìkan ni epo, ṣé epo pupa ló máa ń rà nílé epo ni?

Ìyẹn rọrùn. Ó ku èyí tó le.

Ní ìparí oṣù Kẹwàá 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, San Demetrio bá ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan kúrò ní Halifax, ní Kánádà. (Ọ̀wọ́ dára fún un, bí a ṣe ń sọ ọ̀wọ́ ẹran, kò sídìí láti ṣẹ̀dá òmíràn.) Ó ti gbé epo ọkọ̀ òfurufú tó tó 11,200 tọ́ọ̀nù ní Aruba. Jervis Bay nìkan ló ń ṣọ́ ọ̀wọ́ náà, ọkọ̀ èrò tí wọ́n kàn gbé ìbọn àtijọ́ lé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ ogun Jámánì, Admiral Scheer, yọ sí wọn. Jervis Bay dojú kọ ọ́ kí àwọn yòókù lè ráyè sá, ó sì rì pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀, Edward Fegen, ẹni tí wọ́n fún ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà ogun tó ga jù ní Britain, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àgbá Admiral Scheer ba San Demetrio náà, iná sì sọ. Ọ̀gá ọkọ̀, George Waite, pàṣẹ pé kí gbogbo wọn bọ́ sínú àwọn ọkọ̀ kékeré. Ẹni tó jókòó lórí epo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí iná ń jó lórí rẹ̀, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi ìka sórí àṣẹ yẹn.

Òkun fọ́n àwọn ọkọ̀ kékeré náà ká. Èèyàn 16 ló wà nínú ọ̀kan, tí Arthur Hawkins, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ Waite, ń darí. Charles Pollard, olórí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, wà pẹ̀lú wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí ọkọ̀ kan lókèèrè tó ń jóná. Wọ́n sún mọ́ ọn, àṣé tiwọn ni! Ẹ̀rù bà wọ́n láti gun un. Wọ́n tún fi òru kan sí i nínú otútù ojú òkun. Nígbà tó di ọjọ́ 7, wọ́n gòkè. Wọ́n pa iná, wọ́n dí àwọn ihò tí epo ń tú jáde lójú wọn, Pollard àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì jí ẹ̀rọ náà dìde. Ibi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ ti jóná, kò sí máàpù, kò sí kọ́ńpáàsì tó ṣeé gbára lé. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò wá síhà ìlà-oòrùn. John Boyle tó ti fara pa nígbà tí wọ́n ń bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kú lójú ọ̀nà. Ọjọ́ 13 ni wọ́n dé etíkun Ireland, ọjọ́ 16 ni wọ́n wọ odò Clyde ní Scotland, èyí tó pọ̀ jù nínú epo náà sì wà nínú ọkọ̀ digbí.

Wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ láti béèrè owó adóòlà. Lábẹ́ òfin òkun, àjèjì tó bá yọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ nínú ewu ní ẹ̀tọ́ sí owó. Atukọ̀ kò lè béèrè irú owó yẹn lórí ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń tù, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún un ló ṣe. Àfi bí ọ̀gá ọkọ̀ bá ti pàṣẹ pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀ pátápátá, láìní ìrètí pé wọ́n á padà. Ìgbà yẹn ni ìdè iṣẹ́ já. Ẹni tó bá padà, bí àjèjì ló ṣe wọlé. Ilé ẹjọ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún Hawkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fún wọn ní £14,700.

Ẹ wá fi èdè wa wọ̀n ọ́n. Mo lè fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi kí n padà wá mú un lálẹ́. Ohun tí mo bá pa tì ṣì jẹ́ tèmi, ẹ̀bi rẹ̀ ló kàn wà lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n ọkọ tó kọ aya sílẹ̀, bó bá padà débẹ̀, á kanlẹ̀kùn. Bí a bá kọ ọ́ pé àwọn atukọ̀ "fi ọkọ̀ sílẹ̀", òǹkàwé á máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí wọ́n fi gba kọ́bọ̀. "Kọ̀ sílẹ̀" ló gbé ẹjọ́ náà dúró.

Ẹnìkan á fi "kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀" bá mi jiyàn. Ó tọ́, àmọ́ ìwé tó kọ ló ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Ẹlòmíràn á ní ìjà wà nínú "kọ̀ sílẹ̀", Waite kò sì bá ọkọ̀ rẹ̀ jà. Òótọ́ ni, ó ń rùn díẹ̀. Mo yàn án bẹ́ẹ̀, torí èyí tí kò rùn kò péye.

Fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ẹ má lo "ìgbàlà", agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń dún létí. "Ìràpadà" ni owó tí a ń fún ajínigbé. "Dóòlà" ló yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí la sábà ń dóòlà. Ohun ìní náà a máa bọ́ sínú ewu. Kí ẹ ṣáà má kọ ọ́ ní "owó ìdóòlà", kí wọ́n má rò pé dọ́là ni ilé ẹjọ́ London san.

Wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1942, ó ń dá lọ ní òkun Virginia. Wọn ò tíì ṣètò ọ̀wọ́ ọkọ̀ sí etíkun Amẹ́ríkà nígbà yẹn, iná ìlú sì ń tàn létí omi débi pé àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń rí òjìji ọkọ̀ kedere lóru. Ọ̀kan nínú wọn, U-404, yìn ín ní tọ̀pídò, ohun ìjà tó ń gba inú omi lọ bú gbàù lára ọkọ̀. Èèyàn 19 kú.

"Sọnù" kọ́ lèyí. Ewúrẹ́ tó sọnù, wọ́n ṣì lè rí i. "Rì" sì bo ẹni tó rì í mọ́lẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ fún un tẹ́lẹ̀: ó bógun lọ. Àwọn kan á ní èèyàn la fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n èèyàn wà nínú ọkọ̀ náà. Èrò mi ni pé nínú àkójọ orúkọ tí olùtumọ̀ wa ń ṣe, kó kọ "bógun lọ" sí iwájú gbogbo ọkọ̀ tí ọ̀tá pa, kó fi "rì" sílẹ̀ fún èyí tí ìjì gbé. Ní ti tọ̀pídò, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ tọ̀pídò.