Àyẹ̀wò CMV ní ọ̀sẹ̀ 9: kí ni IgM yìí ń sọ?

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, Sùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 9. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pààrọ̀ ìlédìí, tí mo sì ń nu itọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ níbi iṣẹ́, ìdí nìyí tí mo fi fi owó ara mi ṣe àyẹ̀wò CMV, ìyẹn kòkòrò àrùn kan tó máa ń wà nínú itọ́ àti ìtọ̀ ọmọdé. Ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé IgG wà, IgM náà sì wà, ẹni tó fún mi kò sì ṣàlàyé kankan. N kò fojú ba oorun láti ìjẹta. Ṣé ọmọ inú mi ti kó o nìyẹn?

Agbẹ̀bí, Yábàá:
Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. IgG àti IgM jẹ́ èròjà tí ara ń ṣe láti bá kòkòrò jà: IgM ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ bí kòkòrò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, IgG ló sì máa ń wà títí. Ti IgG kì í ṣe tuntun, nítorí pé láti kékeré ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa nílẹ̀ yìí ti kó kòkòrò náà, bó bá sì ti wọ ara, kì í jáde mọ́, ńṣe ló máa ń sùn síbẹ̀. IgM ló ń dá jìnnìjìnnì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ lè jẹ́ èsì èké. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní avidity, èyí tó ń wo bí IgG ṣe rọ̀ mọ́ kòkòrò náà tó. Bó bá rọ̀ mọ́ ọn gírígírí ní ọ̀sẹ̀ 9 yìí, ó ṣeé ṣe gan-an pé kí ẹ tó lóyún ni kòkòrò náà ti wọlé. Ẹ má fi falẹ̀ o, torí pé bí oyún bá ti kọjá oṣù 4, èsì kan náà kò ní lè là á yé wa mọ́.

Òṣìṣẹ́ láàbù, Ìsàlẹ̀ Èkó:
Òótọ́ ni agbẹ̀bí sọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe avidity, nítorí náà ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ tuntun, nínú ọmọ 3, bí 1 ló máa ń kó o, kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tó kó o ló ń bá a jìyà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ísírẹ́lì, tó jáde ní 2020, fi hàn pé oògùn valacyclovir, giramu 8 lójúmọ́, dín àwọn ọmọ tó ń kó o kù láti bí 30 sí 11 nínú 100. Dókítà nìkan ló lè kọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá bímọ, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ọmọ wò kó tó pé ọjọ́ 21, kí wọ́n sì yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí etí ni kòkòrò yìí sábà máa ń bà jẹ́.

Ìyá ọlọ́mọ 2, Mushin:
Ní tèmi, ọṣẹ ṣe pàtàkì ju ìwé àyẹ̀wò lọ. Ẹni tó ti ní IgG pàápàá lè kó ẹ̀yà CMV mìíràn. Ògì tí ọmọ bá jẹ kù, tí àwa ìyá máa ń fi ṣíbí rẹ̀ lá tán kó má baà ṣòfò, èmi jáwọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí mo lóyún èkejì.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, Sùúrùlérè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ògì yẹn, àní láàárọ̀ òní ni mo lá a. Láàbù ni mo ń gbà lọ lọ́la.