Ewé pọ́n, èso ò pọ́n: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́gbà àjàrà. Nígbà tí ewé àjàrà pupa mi ń pọ́n, tí etí rẹ̀ ń ká sísàlẹ̀, tí iṣan rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, mo rò pé ajílẹ̀ ló ń wá. Ọdún méjì ni mo fi da ajílẹ̀ sídìí rẹ̀ lásán! Àyẹ̀wò ló tú àṣírí: fáírọ́ọ̀sì GLRaV-3, èyí tó ń mú ewé àjàrà ká. Ó ń dí ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà kúrò nínú ewé lọ sínú èso. Ewé á pọ́n, èso á máa kan.

Mo mú àlùmọ́gàjí, mo já gbogbo ewé tó bo èso, wọ́n ní oòrùn ló ń kun èso. Ó kùn ún lóòótọ́! Apá tó kọjú sí oòrùn ọ̀sán jóná, ó rún jọ. Lọ́dún kejì, apá oòrùn òwúrọ̀ nìkan ni mo já, nígbà tí èso ṣì wà ní wẹ́ẹ́rẹ́, kí oòrùn lè mọ́ ọn lára. Àwọ̀ rẹ̀ dára sí i, atẹ́gùn ń wọlé, kò bu mọ́. Adùn ńkọ́? Díẹ̀ báyìí ló fi kúrò níbi tó wà.

Ìyá Ọlọ́gbà:
Àbúrò, èmi ò tíì kan ewé tí mo ti gé ìdì èso dànù. Ta ní ń di ẹrù alágbára ru aláìsàn? Bí èso ṣe ń pàwọ̀ dà ni mo gé ìdì kan nínú mẹ́ta. Ó dùn mí dọ́kàn, àmọ́ adùn ìyókù gòkè. Síbẹ̀, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti kórè igi tára rẹ̀ le kí ti àwọn aláìsàn tó tó jẹ.

Aṣọ́gbà:
Ẹ ń sọ ti ewé, ta ló ń ṣọ́ èèrà? Mo bó èèpo igi mi, kòkòrò mealybug kún abẹ́ rẹ̀, funfun bí òwú. Èèrà ń dà wọ́n bí ẹran nítorí omi dídùn ara wọn, kòkòrò yìí ló sì ń gbé fáírọ́ọ̀sì kiri. Mo fi ọ̀dà sàmì sí gbogbo igi tó pọ́n kí ewé tó wọ́, mo sì hú wọn.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, àlùmọ́gàjí mi ò ní ràn án?

Aṣọ́gbà:
Èyí ò bá àlùmọ́gàjí ràn. Kòkòrò ni, àti ẹ̀ka tí a bá gé gbìn.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Yéè! Ara àwọn igi aláìsàn yẹn ni mo ti gé ẹ̀ka tí mo gbìn sí ọgbà mi kejì.