Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ static electricity yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọyẹ́ ti dé, gbogbo nǹkan tí mo bá fọwọ́ kàn ló ń ta mí, tí mo bá sì ń bọ́ súẹ́tà lálẹ́ nígbà tí wọ́n ti múná lọ, á máa dún ta-ta-ta, mo tiẹ̀ máa ń rí iná wẹ́wẹ́ lára ẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní SS2 ní electron (àwọn ègé tíntìntín inú nǹkan tó ní iná negative) ló ń kúrò lára nǹkan kan bọ́ sára èkejì tí wọ́n bá gbo ara wọn, èyí tó gbà á á di negative, èyí tó pàdánù ẹ̀ á di positive. Ìyẹn yé mi.

Ibi tó ta kókó rèé: bíró oníke tí mo fi gbo irun gbígbẹ ń fa bébà wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò fi bébà yẹn gbo nǹkankan, kò ní charge (iná negative tàbí positive yẹn). Kí ló wá ń fà á? Àwọn míì á lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, wọ́n á wá fò dànù bíi pé ẹnì kan ta wọ́n nípàá.

Èkejì, wọ́n ní kí iná tó lè fò nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ó máa ń tó 3,000 volt fún mìlímítà kan. Iná NEPA tó jẹ́ 230 péré ń pa èèyàn, kí ló dé tí ti ọwọ́ ilẹ̀kùn onírin ò pa mí? Àbúrò mi kàn ń pariwo "current, current", kò lè là á yé mi.

Àti pé nígbà òjò, bíró yìí kan náà kì í fẹ́ fa nǹkankan, ṣé omi inú afẹ́fẹ́ ló ń gbé charge yẹn lọ ni?